A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìdìbò Gbèsè Ìlú Atlanta, 1919 sí 1921

Bí ìgbìmọ̀ ìlú kan bá jókòó láti yá owó, ìbéèrè méjì ló máa ń dìde. Èkíní ni pé, kí ni a ó fi owó náà ṣe? Èkejì ni pé, ta ni yóò san án padà? Èkejì kì í gba àkókò púpọ̀, nítorí gbogbo ẹni tó ń san owó orí ni yóò san án. Èkíní ni ìjà máa ń wà lórí rẹ̀. Omi ni kí a kọ́kọ́ ṣe ni, àbí afárá? Ilé ẹ̀kọ́ ni, àbí ojú àgbàrá? Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì ni, àdúgbò ta ni a ó kọ́ ọ sí?

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ìlú kan tí apá kan nínú àwọn ará rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè kejì lọ́dọọdún láìjẹ́ pé a bi wọ́n léèrè èkíní rí. Ìlú náà ni Atlanta, olú ìlú ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn tí a ń sọ ni àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kúrò lóko ẹrú ní 1865. Láàárín 1919 àti 1921, wọ́n rí ọ̀nà tóóró kan tí òfin ṣì fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà náà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé wọ́n lè dé.

Bí ìlú ṣe ń yá owó

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a ṣàlàyé irú gbèsè tí a ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, bí ìlú bá nílò owó ńlá tí owó orí ọdún kan kò lè ká, ó máa ń tẹ ìwé gbèsè, a sì tà á fún àwọn olówó àti àwọn ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá ra ìwé náà ti yá ìlú lówó. Ìlú yóò máa san èlé fún un lọ́dọọdún, yóò sì dá ojú owó padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé mọ̀ sí *emprunt obligataire*. Ọmọ tí a kò tíì bí ní ọjọ́ tí a tọwọ́ bọ̀wé yóò dàgbà, yóò sì bá wọn san nínú rẹ̀.

Nítorí èyí, òfin Georgia kò gba ìgbìmọ̀ ìlú láyè láti dá irú gbèsè bẹ́ẹ̀ jẹ. Dandan ni kí wọ́n gbé e síwájú àwọn olùdìbò, kí wọn fi ẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin náà le. Kò tó kí bẹ́ẹ̀ ni fi díẹ̀ borí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó ń béèrè. Ó sì tún ń wo iye gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò, kì í ṣe iye àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà nìkan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, tí ó sì jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò, ti dá kún ohun tó ń fa owó náà sẹ́yìn.

Òwe wa sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní Atlanta lásìkò yẹn, ìdákẹ́ lágbára, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan. Ìdákẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò ju ìdákẹ́ lásán lọ.

Ẹni tí kò sí ní ìjókòó

Àwọn ènìyàn dúdú ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú Atlanta nígbà kan. Ní ìparí 1870, wọ́n dìbò yan méjì, William Finch àti George Graham. Aránṣọ ni Finch. Ohun tó dúró lé lórí jù lọ nígbà tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìlú bá fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀, kí àwọn ọmọ àwọn ènìyàn dúdú náà ní ìpín tiwọn. Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ṣí ilẹ̀kùn ní 1872, àwọn ọmọ náà wà nínú ètò, ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun tẹ̀ síwájú ní láti san owó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ àti ti àwọn yunifásítì aládàáni. Nígbà náà, Finch àti Graham ti kúrò ní ìjókòó. Ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ló kọjá kí ìgbìmọ̀ ìlú náà tó tún rí ènìyàn dúdú kan tí a dìbò yàn.

Láàárín àkókò yẹn, wọ́n ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó orí ìdìbò wà, dọ́là kan lọ́dún. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ san ti ọdún mẹ́wàá kí ó tó lè dìbò. Ní 1908, wọ́n tún fi òfin ìwé kíkà àti ohun ìní kún un. Èyí tó burú jù ni ìdìbò inú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ Dẹmọkrátì, ló ń ṣàkóso gúúsù. Ẹni tó bá borí nínú ìdìbò inú ẹgbẹ́ náà ti di mẹ́ẹ̀rì tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ tán. Ìdìbò gbogbogbòò tó ń tẹ̀ lé e kò yí ohunkóhun padà. Ẹgbẹ́ náà sì ti kéde pé aláwọ̀ funfun nìkan ni yóò dìbò nínú rẹ̀. Èyí wà ní Atlanta láti 1892.

Ìdìbò gbèsè ìlú nìkan ni kò sí nínú àgbàlá ẹgbẹ́ náà, nítorí kì í ṣe ìdìbò láti yan ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó orí ìdìbò rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé, lè dìbò nínú rẹ̀, bó dúdú bó funfun. Àwọn ènìyàn dúdú Atlanta kò lè yan ẹni tí yóò kọ àkójọ ohun tí ìlú nílò, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ̀ fún àkójọ náà. Ohun kan tó kù sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Kíláàsì keje

Ní 1913, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Neighborhood Union, tí Lugenia Burns Hope àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1908, rìn káàkiri gbogbo ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní Atlanta, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọ́n rí yàrá tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kò tó nínú wọn. Wọ́n rí àwọn ọmọ tó pọ̀ ju àga lọ. Wọ́n rí olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọ̀wọ́ kan láàárọ̀, tó tún ń kọ́ ọ̀wọ́ mìíràn lọ́sàn-án, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò rí ju ìdajì ọjọ́ ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Díẹ̀ ni wọ́n rí gbà.

Ní 1914, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú pa kíláàsì kẹjọ rẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1917, ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ pa kíláàsì keje rẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Gbogbo ènìyàn rí ibi tí ọ̀nà náà ń lọ. Bí keje bá lọ, ta ni yóò ṣe onídùúró fún kẹfà?

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí wọ́n dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀ ní Atlanta, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní gbogbo Amẹ́ríkà. Harry Pace ni alága, Walter White, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, ni akọ̀wé. Àwọn aṣojú wọn, tí John Hope, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse, wà lára wọn, lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Wọ́n ní owó orí àwọn náà wà nínú àpò tí ìgbìmọ̀ ń ná. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan, James L. Key, bá wọn fi ohùn sí i pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ìgbìmọ̀ fi kíláàsì keje sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi nǹkan kan kún un. Àwọn ọmọ ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìdajì ọjọ́.

Ọdún 1919

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Atlanta kò nílò owó lásìkò náà. Ìlú náà ń dàgbà kíákíá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, 1917, iná ńlá kan jó àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò. Ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 ló jó, nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni kò sì ní ibi tí wọn yóò sùn. Ìlú tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Ojú àgbàrá àti kòtò ìdọ̀tí kò tó. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti gé àárín ìlú sí méjì, àwọn oníṣòwò sì fẹ́ afárá tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ kò tó, àní fún àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ló ní alágbàwí tirẹ̀ láàárín àwọn aláṣẹ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọ dúdú nìkan ni kò ní alágbàwí ní ìjókòó náà.

Nígbà tí James Key ti di mẹ́ẹ̀rì, ní 1919, ìlú gbé ọ̀rọ̀ owó tuntun síwájú àwọn olùdìbò. Alága NAACP Atlanta nígbà náà ni Àlùfáà A. D. Williams ti ìjọ Ebenezer. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lọ bá àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa bínú. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n lọ san gbèsè owó orí ìdìbò wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ láti ilé dé ilé. Kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Alágbàfọ̀ tàbí aláàárù tí kò dìbò rí láti ọdún pípẹ́ yóò kó owó tó ti ń fi pamọ́ fún oúnjẹ àti aṣọ jáde, yóò fi san gbèsè owó orí ìdìbò, kí ó lè ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n san án. Owó tí ìlú ń béèrè sì ṣubú. Nínú ọdún kan náà, ìlú tún padà wá síwájú àwọn olùdìbò, ó sì tún ṣubú. A kò ní sọ pé ìbò àwọn ènìyàn dúdú nìkan ló ṣe é. Iye wọn nínú ìwé olùdìbò kéré ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí òfin bá ti béèrè ọ̀pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdìpọ̀ kékeré tó wà ní ìṣọ̀kan lè dá ẹrù ńlá dúró. Èyí ni àwọn aláṣẹ wá rí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ìtàn náà ti ṣòro. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ kò kọ nǹkan tí kò kàn wọ́n. Omi tí a kò fẹ̀ lójú, àwọn náà ni kò rí i mu. Ojú àgbàrá tí a kò là, àdúgbò wọn ni kò dé rárá. Ilé ẹ̀kọ́ tó wó jù lọ, ọmọ wọn ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta ní 1917, tó ń lọ ní ìdajì ọjọ́, ti jáde kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń jà fún tó dé. Ẹni tó bá sọ pé ìwà ìgboyà ni wọ́n hù sọ òótọ́. Ẹni tó bá sọ pé àwọn ọmọ kan san gbèsè ìgboyà náà sọ òótọ́ pẹ̀lú. Ó dà bíi pé àwọn òbí náà wò ó, wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ni tí a bá sọ láìgba nǹkan kan yóò di gbèsè tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò san fún ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò ní wọ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, 1921

Nígbà tí àwọn aláṣẹ tún jókòó láti kọ àkójọ tuntun, àwọn aṣáájú àwọn ènìyàn dúdú ti di ẹni tí a gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Ohun tí wọ́n béèrè ṣe kedere: ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tuntun, nínú owó yìí gan-an, kì í ṣe nínú owó ọjọ́ iwájú. A ṣe ìlérí fún wọn. Láti 1920, òfin orílẹ̀-èdè ti fún àwọn obìnrin náà ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, èyí tó sọ iṣẹ́ àwọn obìnrin Neighborhood Union di ohun tí a kò lè fojú fo.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, 1921, Atlanta sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbèsè dọ́là 8,850,000. Báyìí ni wọ́n ṣe pín in: dọ́là 4,000,000 fún ilé ẹ̀kọ́, dọ́là 2,850,000 fún omi, dọ́là 1,250,000 fún kòtò ìdọ̀tí àti ojú àgbàrá, dọ́là 750,000 fún afárá òpópónà Spring. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin ti ilé ẹ̀kọ́, ohun tó ju mílíọ̀nù kan lọ ni wọ́n ná sórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú.

Ní oṣù Kẹsàn-án, 1924, ilé ẹ̀kọ́ gíga Booker T. Washington ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, pẹ̀lú Charles Lincoln Harper gẹ́gẹ́ bí olórí rẹ̀. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àkọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn dúdú ní Atlanta, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni òun nìkan fi dá iṣẹ́ náà ṣe fún gbogbo ìlú. Ní 1942, ọmọkùnrin kan wọ ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọ-ọmọ Àlùfáà Williams. Orúkọ rẹ̀ ni Martin Luther King. Bàbá àgbà rẹ̀ ti kú láti 1931. Kò rí ọjọ́ tí ọmọ náà wọ ẹnu ọ̀nà tí òun bá wọn jà fún.

Ibi tí ìṣẹ́gun náà mọ

Kò yẹ kí a parí ìtàn yìí bí àlọ́ tí gbogbo nǹkan dára ní òpin rẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú owó ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú àti ti funfun ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òfin ló sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdìbò inú ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun kò kúrò ní Georgia títí di 1946. Ọdún 1953 ni ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Atlanta tó rí ènìyàn dúdú kan tí a dìbò yàn sínú rẹ̀, Rufus Clement, olórí Atlanta University. Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ni wọ́n lò ní 1919, kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti ṣàkóso. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló mú kí iṣẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan yí padà tí kò tún padà sí bó ṣe wà. Kí ó tó di 1919, àwọn aláṣẹ lè kọ àkójọ ohun tí ìlú nílò láìbi àwọn ènìyàn dúdú léèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè ṣubú. Kì í ṣe ọkàn àwọn aláṣẹ ló rọ̀. Ìṣirò wọn ló yí padà.

Ohun tó kàn wá

A mú ìtàn yìí wá síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ìbéèrè èkíní yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ní Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí a ti dìbò àwọn ìgbìmọ̀ ìlú fún ìgbà àkọ́kọ́ ní òpin 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2003, àwọn conseil communal ti Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Pọ́tò-Nóvò àti ti àwọn yòókù ló ń jókòó lórí ètò ìdàgbàsókè ìlú. Ní Tógò, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, 2019 ni irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ tún padà wáyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin tiwa kò rí bíi ti Georgia. A kì í pe gbogbo ìlú jáde láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí gbèsè kan. Ṣùgbọ́n àkójọ wà. Ẹnì kan ló ń kọ ọ́. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò ní rí owó, bó ti wù kí àìní náà pọ̀ tó: ìbáà ṣe kànga abúlé kan, ìbáà ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, ìbáà ṣe ọ̀nà tí àwọn aláàpọn ń gbà kó iṣu dé ọjà.

Ẹ̀kọ́ tí Atlanta kọ́ wa kì í ṣe pé kí a máa kọ̀ fún gbogbo nǹkan. Ohun tó kọ́ wa ni pé ọ̀nà tóóró tí òfin bá fi sílẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kí a sì ti gbaradì kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Àwọn obìnrin Neighborhood Union kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ kí owó tó jáde. Àwọn tó san owó orí ìdìbò wọn san án ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Nígbà tí ìlérí sì dé, wọ́n béèrè pé kí ó wà nínú owó yìí, kì í ṣe nínú owó ọ̀la. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ìlú wa fẹ́ jókòó lórí ohun tí a ó fi owó ìlú ṣe ní ọdún tó ń bọ̀, kí a má ṣe dúró títí di ọjọ́ tí wọn yóò ka àkójọ náà sí wa létí. Kí a ti kọ tiwa sílẹ̀, kí a sì gbé e lọ. Orí wa ni wọ́n fẹ́ fá. Ó yẹ kí a wà níbẹ̀.